Okùn Ìkòkò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

A kì í torí afẹ́fẹ́ já okùn.

Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ̀ wá? Gbogbo ènìyàn ló ń pa á ní Ìdó-Ọ̀pọ̀tọ́ báyìí, títí dórí àwọn tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n wọn, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, kí ẹ wá gbọ́ irọ́. Àwọn kan ní ọkùnrin kan ló tú ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ pé kó lọ gba atẹ́gùn, tí ewúrẹ́ náà kò sì padà wálé mọ́. Olùkọ́ kan tiẹ̀ kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ ilé ìwé pé àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ ló dá a sílẹ̀. Atukọ̀ kẹ̀! Odò wo la ní nílùú yìí tó ju èyí tí ewúrẹ́ ń fò kọjá lọ? Mo ti bínú títí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi. Òwe yìí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni sọ ọ́, ẹni tó sì sọ ọ́, kì í ṣe pé ó fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n. Ìbànújẹ́ ló fà á yọ lẹ́nu rẹ̀.

Télọ̀ ni mí. Fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ẹnu ọ̀nà agboolé Sàárẹ́, kò sí ohun tó ń wọlé tàbí tó ń jáde níbẹ̀ tí n kì í rí. Ibẹ̀ ni Mọ́rẹ́nikẹ́ ń gbé, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Ọlọ́tí. Opó ni. Ọmọ méjì ló bí: Adékúnmi, tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì, àti Ìyádùnní, tó wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni Mọ́rẹ́nikẹ́ ń pọn. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ọtí inú ìgò nìkan lẹ mọ̀, mo bá yín kẹ́dùn. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ obìnrin yìí, bí ènìyàn bá mu ún lọ́sàn-án, ara á silé, ọkàn á balẹ̀, gbèsè á dàbí ohun tí ẹlòmíràn jẹ. Ogún ọdún ó lé ni mo fi mu ún, n kò sì ní mu ún mọ́ títí màá fi kú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Àgbàdo ni wọ́n ń rẹ, tí wọ́n ń kó sábẹ́ ewé títí yóò fi hù. Wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ. Ìyẹn ò tíì di ọtí o, omi dídùn lásán ni. Ohun tó ń sọ ọ́ di ọtí ni gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ìkòkò tí wọ́n pọn kẹ́yìn, èyí tó ń hó wùṣìwùṣì bí ẹni tó ń mí. Ìyá ọtí ni wọ́n ń pè é nílé Sàárẹ́. Bí kò bá sí iṣẹ́, inú orù kékeré kan ló máa ń wà, Mọ́rẹ́nikẹ́ á sì máa bu omi àgbàdo fún un lọ́rọọrún bí ẹni ń fún ọmọ lóúnjẹ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbé e lé e lọ́wọ́ lórí ibùsùn ikú. Ìyá ọkọ tìyẹn náà ló gbé e fún un. Ìyàwó márùn-ún ni wọ́n lè ka orúkọ wọn sẹ́yìn, tó jẹ́ pé láti ọwọ́ ọ̀kan dé ọwọ́ èkejì, ìyá ọtí yìí kò kú rí. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá arúgbó náà sọ fún Mọ́rẹ́nikẹ́ kó tó pajú dé. Ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kó kú sí ọ lọ́wọ́."

Èèwọ̀ méjì ló wà lórí rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé a kì í pín ìyá ọtí. Nígbà kan rí, orogún méjì pín in, ọ̀kan gbé ìlàjì tirẹ̀ lọ sí abúlé àwọn òbí rẹ̀, ìjà tó sì tìdí ẹ̀ yọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú agboolé náà ká. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti búra pé gbogbo rẹ̀ ni yóò máa wọ ìkòkò, gbogbo rẹ̀ ni yóò sì máa jáde. Kò sí fífi díẹ̀ pamọ́, kò sí bíbu díẹ̀ fún aládùúgbò. Èkejì ni pé bí wọ́n bá ti dà á sínú ìkòkò, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ilé ọtí, wọ́n á fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí i títí di àárọ̀ ọjọ́ kẹrin. Ẹni tó pọn ọtí náà nìkan ni wọ́n ń tì mọ́ ọn. Inú ibẹ̀ ni yóò máa sùn, tí yóò máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìkòkò lára, tí yóò máa tan ẹyin iná sí i bó bá tutù, tí yóò máa wà á kúrò bó bá gbóná jù.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èéfín bà á láyà jẹ́. Ìgbà tó di pé ó ń wúkọ́ títí tí a fi ń gbọ́ ọ láti òdìkejì títì, Adékúnmi ọmọ rẹ̀ ronú ohun kan fún un, ọgbọ́n gidi sì ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó fi irin pẹlẹbẹ kan tó ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù sábẹ́ ìkòkò. Ó ki abẹ́rẹ́ kan tó ń wọn ìgbóná bọ inú ọtí. Láti ara abẹ́rẹ́ náà, ó fa okùn wáyà gígùn kan gba inú ihò ara ògiri, ó gbà á kọjá àgbàlá, ó gbé e dé ìdí ìrọ̀rí ìyá rẹ̀, níbi tí àpótí kékeré kan wà. Aṣọ́kòkò ni Mọ́rẹ́nikẹ́ sọ àpótí náà. Abẹ́rẹ́ á sọ fún àpótí bí ọtí ṣe gbóná tó. Bí kò bá tó mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àpótí á tan irin. Bó bá ti tó o, á pa á. Àwọn àgbà agboolé jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Wọ́n ní ṣé wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ìkòkò láìsí ènìyàn níbẹ̀? Olórí ẹbí ló dá wọn lóhùn pé okùn tó wà láàárín ìkòkò àti ìrọ̀rí ìyàwó, ọwọ́ ìyàwó náà ni. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi lo okùn yìí, ọtí náà sì ń dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lóru, Mọ́rẹ́nikẹ́ á kàn lajú, á wo nọ́ńbà ojú àpótí: ọgbọ̀n, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n. Kì í dúró lójú kan. Á tún padà sùn.

Ìgbà tó yá, Ìyádùnní bímọ.

Ẹ má fojú kékeré wo gbólóhùn yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni Ìyádùnní fi wà nílé ọkọ tí kò rí oyún dì mọ́nú. A ti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà, a ti dákẹ́ lórí ẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kan ni ìró dé pé wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde nínú rẹ̀, obìnrin, tìyátọmọ wà láàyè. Mọ́rẹ́nikẹ́ jó láti inú agboolé dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi ìdí gbá ẹ̀rọ ìránṣọ mi, abẹ́rẹ́ dá, mo kàn ki òmíràn bọ̀ ọ́ ni. Ìyá ọkọ Ìyádùnní ti kú. Kò sí ẹlòmíràn tí yóò wẹ ọmọ, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ìyá ọmọ dìde jókòó.

Ṣùgbọ́n nílé Sàárẹ́, ọmọ tí wọ́n bá bí, ìbáà ṣe ọmọ ọmọbìnrin, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi kàn án létè lọ́jọ́ ìkómọ, kí oyin àti iyọ̀ tó tẹ̀lé e. Ọjọ́ kẹjọ ni ìkómọ. Bí Mọ́rẹ́nikẹ́ bá dúró pọn ọtí tó sì ṣọ́ ọ, ta ni yóò wẹ ọmọ? Bó bá sì lọ, ta ni yóò ṣọ́ ọtí, nígbà tó jẹ́ pé ìdí ìrọ̀rí rẹ̀ ni okùn parí sí?

Adékúnmi wá láti Èkó ní ọjọ́ Ajé. Àgbàdo tó ti hù ti wà nílẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ ti ń múra láti ìgbà tí oyún ti pé oṣù méje. Nírọ̀lẹ́, tí omi àgbàdo ti tutù dé ìwọ̀n, tí wọ́n sì ti da ìyá ọtí sí i, ọmọkùnrin náà tú báàgì rẹ̀, ó sì yọ ohun kékeré kan tó rí roboto jáde. Mo ti rékọjá lọ sọ́dọ̀ wọn láti kí wọn kú oríire, ìyẹn ni mo fi wà níbẹ̀.

Ó ní, "Màmi, afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ yóò máa gbà báyìí. Bí ẹ bá ń wẹ ọmọ ní Ìbàdàn, ẹ ó kàn gbé fóònù yín sójú ni, ẹ ó sì rí bí ìkòkò ṣe gbóná tó. Wai-fai ni wọ́n ń pè é. Mo ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí pálọ̀ yín."

Ìyá rẹ̀ wo nǹkan náà. "Okùn ńkọ́?"

"Okùn ò wúlò mọ́, Màmi. Ẹnu kan ṣoṣo ni Aṣọ́kòkò ní. Ibi tí okùn gbà wọlé ni èyí náà máa wọ̀. Abẹ́rẹ́ á fi afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ fún àpótí, àpótí á fi afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ fún fóònù yín."

"Ṣé a ò lè fi okùn sílẹ̀ ná, kí á kọ́kọ́ dán afẹ́fẹ́ yìí wò lára ìkòkò mìíràn?"

"Àkókò dà, Màmi? Ìyádùnní ò lè dá dìde. Àná ló ti ń sunkún."

Ó wo okùn náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ó dáa." Ẹnu okùn ti dógùn-ún mọ́ ara àpótí, kò ṣeé yọ, ni Adékúnmi bá fi ẹ̀mú já a. Ó já a lẹ́nu àpótí, ó so ohun roboto náà mọ́ ìdí okùn tó kù níbẹ̀; ó já a lẹ́bàá ìkòkò, ó so èkejì rẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́; ó ká okùn jọ, ó fi kọ́ ara ìṣó. Wáyà tó ń gbé iná lọ sídìí irin, òun nìkan ni kò fọwọ́ kàn.

Wọ́n wá dán an wò. Adékúnmi dúró lẹ́bàá ìkòkò, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, Mọ́rẹ́nikẹ́ wà ní àgbàlá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Méjìdínlọ́gbọ̀n ló kọ́kọ́ hàn. Kò pẹ́, ó di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. A pariwo ayọ̀. Èmi náà pàtẹ́wọ́, Ọlọ́run ló rí mi. Mo ní ọmọ yìí ti ṣe ohun tí bàbá ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nílùú yìí. Wọ́n wá gbá ilẹ̀kùn ilé ọtí dé, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ yíká, wọ́n sì di ihò tí okùn ń gbà tẹ́lẹ̀ pa.

Ẹ wò ó, ilé ọtí náà, ògiri amọ̀ tó nípọn ní ìbú apá ni, pákó kò sì sí lára ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ikán ti jẹ tàkọ́kọ́. Irin ni wọ́n fi rọ èyí tó wà níbẹ̀. Páànù ni òrùlé. Gbogbo ọgbọ́n ọmọ yunifásítì yẹn, ilẹ̀kùn ṣíṣí ló fi dán an wò. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó rò ó pé ohun tó ń gba afẹ́fẹ́ kọjá, bí a bá sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ibo ni yóò gbà? Ilẹ̀kùn ò ju pé ó pa dé lọ tí àpótí kò fi gbọ́ ohùn abẹ́rẹ́ mọ́. Ó wá rọ̀ mọ́ èyí tó gbọ́ kẹ́yìn. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló gbọ́ kẹ́yìn. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kò sì tó mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nítorí náà, ó ń tan irin. Ó ń tàn án lọ.

Bó bá ṣe iná ọba ni wọ́n ń lò, ìbá ti lọ kó tó di ọ̀gànjọ́, bó ṣe máa ń lọ lójoojúmọ́ tí a máa ń ṣépè fún wọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìṣekúṣe wọn ì bá gbà wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n sólà ni Adékúnmi fi síbẹ̀ fún ìyá rẹ̀, pẹ̀lú bátìrì ńlá méjì. Kò lọ fún ìṣẹ́jú kan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n lọ sí Ìbàdàn. Ọjọ́rú, lọ́sàn-án, mo ń ṣẹ́ etí bùbá kan nígbà tí òórùn kan gbá mi nímú, bí ògì tó jóná. Mo rò pé ẹnìkan ń se nǹkan ni. Kò pẹ́ tí Ọlápéjú wọlé tọ̀ mí wá. Àbúrò ọkọ Mọ́rẹ́nikẹ́ ni, ọmọ bíbí agboolé Sàárẹ́, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ní ṣé mò ń gbọ́ òórùn yẹn? Mo ní mò ń gbọ́ ọ. Ó ní láti ara ilé ọtí ni. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti pe Ìbàdàn, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí èmi náà lè gbọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Òórùn kan ń jáde nílé ọtí. Ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan ń jóná níbẹ̀."

"Yéè! Ẹ dúró, Òpéléńgé mi, ẹ jẹ́ n wò ó." À ń gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun láti ọ̀nà jíjìn. Ó padà sórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ló ti wà níbẹ̀, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Kò tíì sí ìkòkò tó fara balẹ̀ báyìí rí láyé mi."

"Ṣé kí a ṣáà ṣí ilẹ̀kùn, kí a wò ó?"

"Háà! Ẹ má dán an wò! Ẹ̀yin ọmọ onílé lẹ fẹ́ rú èèwọ̀ ilé yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ kan ilẹ̀, kí ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ ò ní ṣí i."

Ọlápéjú bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì ṣèlérí. Àwa méjèèjì la jókòó níbẹ̀ tí òórùn náà ń kọjá lójú wa. Kí ni télọ̀ mọ̀ nípa fóònù? Kò sẹ́ni tó rántí pé ní ọdún mẹ́ta tí okùn fi wà lẹ́nu iṣẹ́, nọ́ńbà náà kò fi ìgbà kan dúró sójú kan. Ohun tó bá wà láàyè máa ń rìn. À ń pe dídúró ní àlàáfíà. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, òórùn náà ti dẹwọ́, inú Ọlápéjú sì dùn. Ó ní ó ti dára. Ohun tó ń jóná ti jóná tán ni.

Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, tó jẹ́ ọjọ́ kẹrin, Adékúnmi gbé ìyá rẹ̀ dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin òfìfo tí wọ́n fẹ́ bu ọtí sí. Wọ́n fẹ́ padà sí Ìbàdàn kó tó di ọ̀sán. Mọ́rẹ́nikẹ́ ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi láti inú ọkọ̀, ó ní kí n wá tọ́ ọ wò, kí n má baà fi ojú jẹ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀bẹ họ amọ̀ kúrò létí ilẹ̀kùn. Ooru tó tú jáde nígbà tó fà á ṣí mú kí gbogbo wa sún sẹ́yìn.

Ó wọlé. Ó tẹ etí sí ẹnu ìkòkò, bó ti máa ń ṣe, láti gbọ́ bó ṣe ń hó. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lára, ó sì yára fà á sẹ́yìn, nítorí ó jó o. Ohun tó wà nínú ìkòkò ti fà dé ìlàjì, ó ti pọ́n, ó ti ki, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di èédú. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Mo rí i tó gbé e sókè sójú, mo sì wò ó láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ tó gba ẹnu ilẹ̀kùn ṣíṣí yẹn wọlé já a gbà, nọ́ńbà náà sì fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú wa, ó di mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.

Adékúnmi rí i. Ó wo ilẹ̀kùn irin náà, ó wo òrùlé, gbogbo rẹ̀ sì yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dojúbolẹ̀ nínú àgbàlá. Ó ní, "Màmi, ẹ nà mí. Ẹ ṣépè fún mi. Ẹ sọ nǹkan."

Ìyá rẹ̀ jáde wá, ó jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀. Kò sunkún. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Kí n ṣépè fún ọ nítorí kí ni? O fẹ́ràn mi, o fẹ́ràn àbúrò rẹ. Èmi ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́, kì í ṣe ìwọ. A kì í torí afẹ́fẹ́ já okùn, Adékúnmi. Inú mi sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ náà, mo sì ní ó dáa."

Ibi tí òwe náà ti wáyé nìyẹn, ẹ̀yin ará. Kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀, kò sí atukọ̀.

Ẹ ó bi mí pé ṣé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ni? Wọ́n ṣe é. Mọ́rẹ́nikẹ́ ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó da omi àgbàdo tuntun sí èédú náà, wọ́n tì í mọ́ ọn bíi ti ayé àtijọ́, ó sì sùn tì í fún ọjọ́ mẹ́rin pẹ̀lú àyà rẹ̀ tó ti bàjẹ́. Ọtí náà bu, kò hó. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ó bu náà ni. Wọ́n rántí orogún tó gbé ìlàjì lọ nígbà kan rí. Adékúnmi wakọ̀ lọ sí abúlé náà, ó bá àwọn ọmọ ọmọ obìnrin náà níbẹ̀, wọ́n ní ìyá àgbà àwọn ti dáwọ́ ọtí dúró kí wọ́n tó bí bàbá àwọn. Kò sí ẹnìkan ní gbogbo ayé tí wọ́n bu díẹ̀ fún rí. Èèwọ̀ tí wọ́n fi dáàbò bò ó ni kò jẹ́ kí ó ṣẹ́ kù síbì kankan. Adékúnmi ra ìwúkàrà inú páálí, ó fi pọntí, ó hó dáadáa. Ìyá rẹ̀ tọ́ ọ wò, ó ní ọtí ni lóòótọ́, ó sì gbé ife náà kalẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lọ́jọ́ ìkómọ, oyin àti iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi kan ọmọ náà létè. Mo wà níbẹ̀. Bí wọ́n ti gbé e lé Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ́wọ́, ó bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun nínú àgbàlá lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ará Ìbàdàn ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní ayọ̀ ọmọ-ọmọ ni. Ọlápéjú kò wá rárá. Ó ní ọwọ́ tí òun fi kan ilẹ̀ ló ń dun òun.

Ọlápéjú yìí náà ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà jáde láti inú agboolé. Ó sọ ọ́ fún ọmọkùnrin rẹ̀, tó fẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣèlérí fún un lórí fóònù. Ìyẹn sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó ṣe di ti gbogbo ìlú nìyẹn. Lónìí, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ tó ń bọ́ ọ kó fi owó rẹ̀ lé ìlérí, tàbí obìnrin tó fẹ́ kọ ọkọ tó ń tọ́jú rẹ̀ nítorí ẹni tí kò tíì mọ ilé rẹ̀, wọn kì í sọ púpọ̀. Wọ́n á ní kó kọ́kọ́ di tuntun mú ṣinṣin ná, kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò lára èyí tó ń gbé e ró. Wọ́n á ní a kì í torí afẹ́fẹ́ já okùn. Wọ́n ń pa á nílé ẹjọ́ ọba, wọ́n ń pa á ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń pa á ní mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n bí Mọ́rẹ́nikẹ́ bá wà ní ìjókòó, kò sẹ́ni tó ń pa á. Àlejò kan ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ òwe náà lójú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Gbogbo wa sáré bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti gbọ́. Ó bá a parí rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó dìde, ó sì lọ sílé.